Ohun mẹ́ta tí a rà fún gìtá wa lọ́dún tó kọjá

Díẹ̀ ló kù kí a ra gìtá tuntun ní Àjàṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ìgbéyàwó tí a fẹ́ lọ ṣeré níbẹ̀ ti sún mọ́lé, ohùn gìtá wa sì ti kú. Ká tó náwó, a ra okùn tuntun, a pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àṣé okùn àtijọ́ ló ti dípẹtà! Gìtá náà sì dún dáadáa lóde ìgbéyàwó.

Òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló ń ba okùn irin jẹ́. Nítorí náà, aṣọ òwú ni a rà ṣìkejì. Bí a bá ta gìtá tán, a ó fi nu okùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni tuner, ẹ̀rọ kékeré tí a ń há mọ́ orí gìtá láti tún ohùn okùn ṣe. Gbígbọ̀n igi gìtá ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà ariwo ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́.

Ẹ̀yin onígìtá Kétu àti Ṣábẹ, ẹ pààrọ̀ okùn ná kí ẹ tó ra gìtá mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.