Bí A Ṣe Ń Yan Mọ́ọ̀pù Tí Ó Dára

Ẹ̀yin ọmọ, ta ni ó ń nu ilẹ̀ ní ilé yín? Ní ọ̀pọ̀ ilé, àgbà ni ó ń ra mọ́ọ̀pù, ọmọdé ni ó sì ń lò ó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọdé mọ mọ́ọ̀pù tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, kí ó lè bá ìyá tàbí bàbá rẹ̀ yàn án nígbà tí wọ́n bá jọ lọ sí ọjà.

Ní ayé àtijọ́, ilẹ̀ amọ̀ ni ó wà nínú ilé àwọn baba ńlá wa. Àwọn obìnrin a máa fi ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ omi pa á títí yóò fi dán. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tilẹ̀ to àpáàdì sí àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn ìlú náà sọ pé ní ayé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni wọ́n ṣe é. Ìgbálẹ̀ ni ó tọ́ sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí sìmẹ́ńtì dé, tí tẹráásò tẹ̀lé e, tí táìsì sì wọ inú ilé, ni fífi omi nu ilẹ̀ tó di iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Àkísà ni a kọ́kọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. A ó rẹ táwẹ̀lì tí ó ti gbó, tàbí ìdajì ìró ìyá àgbà, sínú omi, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa nu ilẹ̀ láti ògiri kan dé èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má fi ojú tín-ínrín àkísà o! Ní orí àtẹ̀gùn àti ní kọ̀rọ̀ ilé, èmi kò tíì rí mọ́ọ̀pù tí ó lè nù ún mọ́ tó o. Ẹ̀yìn ríro nìkan ni àléébù rẹ̀. Mọ́ọ̀pù ni ó gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Igi gígùn ni, tí ohun tí ó ń mu omi wà ní orí rẹ̀, kí ènìyàn lè dúró nu ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń dúró nu ilẹ̀, báwo ni yóò ṣe máa fún omi kúrò ní orí mọ́ọ̀pù? Ní ọdún 1893, ọkùnrin adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Thomas W. Stewart, gba ìwé àṣẹ ìjọba fún mọ́ọ̀pù kan tí ó ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń fún omi orí rẹ̀. Títí di òní, fífún ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀pù. Mọ́ọ̀pù tí kò ṣeé fún dáadáa kì í nu ilẹ̀, ńṣe ni ó ń da omi sí i. Omi náà yóò dúró lórí táìsì, ilẹ̀ yóò sì máa yọ̀. Bí ọmọdé bá yọ̀ ṣubú, ó lè dìde kí ó sì máa rẹ́rìn-ín. Bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú ńkọ́? Egungun ìbàdí arúgbó tètè máa ń kán, ó sì ṣòro kí ó tó jinná. Ẹlòmíràn kì í lè dá rìn mọ́.

Nítorí náà, ẹni tí yóò máa lo mọ́ọ̀pù ni kí ó dán an wò ní ìsọ̀, kí a tó san owó. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, kúnlẹ̀ kí ìyá tí ó ń tà á, kí o sì wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n dì í mú wò." Ó lè dá ọ lóhùn pé, "Ọmọ mi, mọ́ọ̀pù ni gbogbo wọn, mú èyí tí ó bá wù ọ́." Má bá a jiyàn, ṣùgbọ́n má kàn mú èyíkéyìí. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni mọ́ọ̀pù olówùú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn òwú ni ó wà ní orí rẹ̀, bí irun tí a kò dì. Ó lágbára, ó sì ń mu omi púpọ̀. Ẹ fi ìka tí omi wà lára rẹ̀ kan okùn náà. Òwú gidi yóò fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n orí okùn ọ̀rá ni omi yóò dúró sí. Òótọ́ ni pé òwú tuntun lè kọ́kọ́ kọ omi, nítorí ọ̀rá tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Bí a bá ti fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò máa mu omi. Ẹ wo ẹnu okùn náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá gé e lásán, yóò máa tú, yóò sì máa já sílẹ̀ káàkiri ilé. Èyí tí wọ́n ká ẹnu rẹ̀ padà ni ó máa ń pẹ́. Ẹ fa okùn kan díẹ̀. Bí ó bá yọ sí yín lọ́wọ́, ẹ dá a padà. Ohun tí ó burú nínú mọ́ọ̀pù olówùú ni pé ó máa ń wúwo tí ó bá mu omi tán. Èyí tí ó tóbi tí bàbá lè fún pẹ̀lú ọwọ́ kan lè borí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orí kékeré ni kí ẹ rà bí ọmọdé ni yóò máa lò ó.

Mọ́ọ̀pù kan wà tí orí rẹ̀ jẹ́ fóòmù, tí a ń fa ọ̀pá kan láti fún un. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ya.

Èyí tí ó dé kẹ́yìn sí ọjà ni mọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ. Aṣọ tí a ń pè ní máíkírófáíbà ni ó wà lórí rẹ̀. Okùn rẹ̀ tín-ínrín ju irun orí ènìyàn lọ, èyí ni ó jẹ́ kí ó máa kó eruku dáadáa pẹ̀lú omi díẹ̀. Ibi tí kànga jìnnà tàbí tí omi ẹ̀rọ kì í yọ déédéé, àǹfààní ńlá ni èyí. Wọ́n máa ń ta àwọn kan nínú wọn pẹ̀lú korobá kan tí ó ní abọ́ oníhò nínú. Bí a bá ti orí mọ́ọ̀pù bọ abọ́ náà, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, abọ́ yóò máa pòyì, omi yóò sì máa ta jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò nígbà mélòó kan ní ìsọ̀. Bí ó bá ń há tàbí tí ó ń dún gbàràgàdà, ẹ má rà á.

Irú ilẹ̀ tí ó wà nílé ni yóò tún sọ èyí tí a ó rà. Bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì bá rí págunpàgun, yóò fa fóòmù àti aṣọ máíkírófáíbà ya. Olówùú ni kí ẹ lò níbẹ̀. Lórí táìsì àti tẹráásò tí ó ń dán, pẹlẹbẹ dára púpọ̀. Fóòmù a máa ti omi ìdọ̀tí sínú ìlà tí ó wà láàrin táìsì méjì, ìlà náà a sì dúdú. Bí ẹ bá ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó, mọ́ọ̀pù tí ẹ lè fún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nìkan ni kí ẹ lò, nítorí omi a máa wú pákó, a sì máa jẹ ẹ́.

Ẹ má gbàgbé igi rẹ̀. Ẹ gbé e dúró sí ẹ̀gbẹ́ yín. Bí ó bá dé àgbọ̀n yín, ó dára. Èyí tí ó kúrú yóò tún dá yín padà sí ẹ̀yìn ríro. Ẹ wo ọrùn rẹ̀, níbi tí igi ti wọ orí, nítorí ibẹ̀ ni ó ti máa ń ṣẹ́. Bí ìṣó ni wọ́n fi kàn án, ìṣó yóò dípẹtà, yóò sì máa ha ilẹ̀. Èyí tí a lè yọ orí rẹ̀ fọ̀ ni ó dára jù.

Bí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ máa gbálẹ̀ kí ẹ tó nu ilẹ̀, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku yóò di ẹrẹ̀. Ẹ so okùn pupa mọ́ èyí tí ẹ ń lò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ó má baà wọ ilé ìdáná láé. Ẹ má ṣe da omi Hypo pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí èéfín tí yóò ti inú rẹ̀ jáde jẹ́ májèlé. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ fọ orí mọ́ọ̀pù, ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e kọ́ sínú oòrùn. Inú korobá tí omi ṣì wà ni kòkòrò àrùn ti máa ń pọ̀ sí i. Bí mọ́ọ̀pù bá ṣì ń rùn lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́ tí ẹ sì ti sá a gbẹ, orí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Igi rẹ̀ ṣì wúlò.