Ẹ̀fọ́ Ilé Lásìkò Ọyẹ́: Ibi Tó Yẹ Kí Àpò Wà

Ẹ̀fọ́ tí a gbìn sínú àpò, korobá tàbí ọpọ́n nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọdọ̀ wà nínú yàrá. Ẹ̀gbẹ́ ògiri níta ni àyè rẹ̀, níbi tí oòrùn ti lè rí i, tí ọyẹ́ kò sì ní rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé àwọn ará Òmù-Àrán àti Èsìẹ́ wá sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ lẹ́yìn ọdún tuntun. Wọ́n á mú tẹ̀tẹ̀ tó ga gbọọrọ dání, igi rẹ̀ tín-ín-rín, ewé rẹ̀ ti pupa rúsúrúsú, wọ́n á sì máa béèrè ajílẹ̀. Irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn rárá. Ọ̀dá oòrùn ló dá a.

Oòrùn

Ewé ni ẹ̀fọ́ fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀, oòrùn sì ni iná ìdáná rẹ̀. Pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu lè mọ́lẹ̀ lójú ènìyàn, nítorí ojú máa ń bá ìmọ́lẹ̀ kékeré mu. Ewé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀fọ́ inú yàrá yóò máa na ọrùn sí fèrèsé, igi rẹ̀ á gùn, ewé rẹ̀ á kéré. Bí a bá da ajílẹ̀ sí i báyìí, gbòǹgbò ni ajílẹ̀ náà máa jó. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata àti tòmátì ń fẹ́ oòrùn tààrà fún nǹkan bíi wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán.

Àwòrán tó ń ti òkè òkun wá wà lára ohun tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní London, ojúmọ́ kì í pé wákàtí 8 ní àárín oṣù Kejìlá, òtútù ibẹ̀ sì lè pa tẹ̀tẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tútù níbẹ̀ fi ń gbìn ín sínú yàrá, lábẹ́ iná mànàmáná. Ní Òmù-Àrán, ojúmọ́ oṣù Kejìlá ṣì ju wákàtí 11 lọ. Ohun tó ń pa ẹ̀fọ́ níhìn-ín ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ń fa omi ara ewé kí gbòǹgbò tó rí òmíràn fà. Ògiri lásán tó láti dí afẹ́fẹ́ yẹn.

Ògiri tó yẹ

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, oòrùn kì í gba àárín ọ̀run kọjá. Ó máa ń yẹ̀ sí gúúsù. Ọyẹ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ láti ìhà àríwá àti ìlà oòrùn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gúúsù ilé ní oòrùn, ilé fúnra rẹ̀ sì ń dí ọyẹ́ fún un. Ẹ̀gbẹ́ àríwá kò rí oòrùn, òun náà ni ọyẹ́ ń kọlù. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń to àpò sí, nítorí pé ó tutù.

Ẹni tí kò mọ gúúsù, kó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ: ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni. Tàbí kó dúró di ọ̀sán gangan, kó wo ibi tí òjìji ilé ṣubú sí, kó sì yẹra fún ibẹ̀. Bí fàráńdà bá jìn, etí rẹ̀ níta ni kí àpò wà.

Ayálégbé tí kò ní ẹ̀gbẹ́ kankan tó ń rí oòrùn, kó gbin gbúre. Gbúre ń fara da òjìji, igi rẹ̀ tí a gé gún mọ́lẹ̀ náà ló ń hù.

Ilẹ̀ àti omi

Kí a lu ihò sí ìdí korobá. Ilẹ̀ dúdú ọ̀nà méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ọ̀nà kan. Àárọ̀ kùtù ni kí a bomi rin ín, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì dára. Omi ọṣẹ kò dára.

Ewédú

Ewédú jẹ́ ọ̀tọ̀. Bí ojúmọ́ bá ti kúrú, ó máa ń tètè yọ òdòdó kí ewé rẹ̀ tó pọ̀, ajílẹ̀ kò sì lè dá a dúró. Kí a máa já a ní kékeré, kí a sì tún òmíràn gbìn. Kóró rẹ̀ le: kí a rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí a tó gbìn ín.

Oògùn orí igbá

Kò sí oògùn inú ìgò tó lè rọ́pò oòrùn. Èyí tó burú jù ni dichlorvos, tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀fọ́ tí wọ́n máa jẹ. Májèlé ni. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti 100ml.

Kí a tó wá sí ọ́fíìsì

Ẹ̀fọ́ tó ti pẹ́ nínú yàrá kò gbọdọ̀ bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, ewé rẹ̀ á jó. Oòrùn àárọ̀ fún wákàtí 2 ni kó kọ́kọ́ rí, kí a máa fi kún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tí ewé tuntun ṣì ń pupa, kí a fa ìdí kan tu tòun ti gbòǹgbò, kí a mú un wá, kí a sì sọ ẹ̀gbẹ́ ilé tí àpò náà wà.