Ṣé ó yẹ kí ìjọba kó kúrò lórí X? Ọ̀rọ̀ náà kan oníṣòwò Ugbonla

Àríyànjiyàn kan ti ń lọ lágbàáyé láti bí ọdún mélòó kan. Ìyẹn ni pé, ṣé ó yẹ kí ìjọba ṣì máa lo ojú òpó ayélujára tí ẹ̀sùn pọ̀ sí lọ́rùn, àbí kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀? X, tí gbogbo wa mọ̀ sí Twitter tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń torí ẹ̀ jiyàn jù. Ẹlòmíì lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó lèyí, pé kí ló kan ẹni tó ń pa ẹja tàbí tó ń tà á ní Ugbonla, létí omi Ilaje ní ìpínlẹ̀ Ondo. Ó kàn án o, ó sì kan àpò ẹ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹwàá, ọdún 2022, ni Elon Musk ra Twitter ní bílíọ̀nù mẹ́rìnlélógójì dọ́là ($44bn), ó sì sọ ọ́ di X ní oṣù keje, ọdún 2023. Láti ìgbà náà lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ráhùn pé irọ́ àti ọ̀rọ̀ ìkórìíra ti pọ̀ jù níbẹ̀. Anne Hidalgo, tó jẹ́ olórí ìlú Paris nígbà náà, kúrò níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ọdún 2023. Ní oṣù kìíní, ọdún 2025, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Jámánì náà ní àwọn ò ní máa kọ nǹkan síbẹ̀ déédéé mọ́. Nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ariwo ta lórí Grok, ẹ̀rọ tó wà lórí X, nítorí pé àwọn kan ń fi í sọ àwòrán obìnrin àti ọmọdé di ìhòòhò. Láti ìgbà náà làwọn kan ní Bìrìtéènì ti ń bi ìjọba wọn pé kí ló ṣì ń ṣe níbẹ̀.

Àwa ní Nàìjíríà ò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ojú wa ti rí i rí. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ, tó fi mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà ètò ìròyìn kéde pé ìjọba ti fòfin de Twitter, pé wọ́n ń lò ó láti da ìlú rú. Orí Twitter yẹn náà ni iléeṣẹ́ ẹ̀ gbé ìkéde ọ̀hún sí! Lọ́jọ́ kejì, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti dí ojú òpó náà pa. Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Ọjọ́ 222 gbáko nìyẹn.

Lójú oníṣòwò, àdánù ńlá ni. Àjọ NetBlocks, tó máa ń ṣírò ohun tí irú nǹkan báyìí ń náni, fojú bù ú pé bíi $250,000 ló ń bọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà ní wákàtí kan ṣoṣo. Àwọn tó ń polówó ọjà níbẹ̀ pàdánù oníbàárà. Àwọn tó fẹ́ yọ́ wọlé sì ní láti wá VPN. Nígbà tó yá, lọ́jọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 2022, kóòtù ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu.

Ohun kan wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀ níbí. Kí ìjọba kúrò lójú òpó kan yàtọ̀ sí kí ó tì í pa mọ́ ará ìlú. Ẹni tí kò bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ ìyá kan lè lọ sídìí igbá ẹlòmíì, àmọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ọjà Igbokoda pa. Méjèèjì ni ìjọba wa ṣe pọ̀ lọ́dún 2021. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Ẹ tún wo ibi tí ìjọba sá lọ. Oṣù kẹfà yẹn kan náà ni wọ́n lọ ṣí àkáǹtì lórí Koo, ojú òpó àwọn ará India. Ní oṣù keje, ọdún 2024, Koo kógbá sílé. Twitter tí wọ́n sá fún ṣì wà níbẹ̀, orúkọ nìkan ló yí padà. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ onítọ̀hún tó bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlòmíì kò tíì ní ọkọ̀ tirẹ̀.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti kan Ugbonla. Iṣẹ́ omi niṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ lọ sójú òkun fẹ́ mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, iléeṣẹ́ NiMet sì máa ń gbé ìkìlọ̀ sórí ayélujára. Nígbà tí òkun ń ya wọ Ayetoro tó ń wó ilé, fídíò táwọn èèyàn gbé sáfẹ́fẹ́ wà lára ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Bí ìjọba ò bá sí níbi táráàlú ti ń ké, ta ni yóò gbọ́? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú Ilaje ló lo ju ọdún mẹ́wàá lọ láìrí iná ìjọba. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, owó ni wọ́n sì fi ń ra dátà. Bí ìkìlọ̀ nípa ìjì tàbí ìkéde nípa owó ìrànwọ́ bá jẹ́ pé orí X nìkan ló wà, ẹni tí kò ní dátà lọ́jọ́ náà ti pàdánù. Nítorí náà, kí ìjọba dúró síbẹ̀ nìkan kò tó.

Ìjà tó yẹ kí ìjọba bá àwọn iléeṣẹ́ ńlá yìí jà wà nínú òfin. Ní oṣù keje, ọdún 2024, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà bu owó ìtanràn $220m lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bó ṣe ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin, ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i. Kò sí oníṣòwò kankan tí wọ́n ti WhatsApp mọ́ lójú nítorí ẹ̀. Lóòótọ́, kí wọ́n tó ṣí Twitter lọ́dún 2022, ìjọba ní iléeṣẹ́ náà ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kó sì máa san owó orí. Ohun tó dáa nìyẹn, àmọ́ òfin lè béèrè fún un láìti ọjà pa.

Ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe kò le. Kí ó máa lo X níwọ̀n ìgbà táráàlú bá wà níbẹ̀, kó sì máa fi òótọ́ já irọ́ níbẹ̀. Kí gbogbo ìkéde tó ṣe pàtàkì kọ́kọ́ jáde lórí ìkànnì ìjọba fúnra ẹ̀, lórí rédíò, àti nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí fóònù kékeré lè gbà láìní dátà. Bó bá sì di dandan kó kúrò, kó sọ ọ́ lóṣù díẹ̀ ṣáájú, kó sọ ìdí, kó sì sọ ibi táwọn èèyàn máa ti rí i.

Ọmọ Ilaje ni Gómìnà Lucky Aiyedatiwa fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ ìtàn etí omi fún un. Bí Akure bá kọ́kọ́ fi èyí lélẹ̀, tí ìkìlọ̀ ìjì ń dé Ugbonla kí ọkọ̀ tó ṣí, Abuja náà yóò rí àwòkọ́ṣe.