Káàdì Olójú Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ẹ wọ ìsọ̀ aláta kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó jókòó sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí káàdì pélébé kan tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ pákó, tàbí kí ìyá náà fà á yọ láti inú àpò owó tó so mọ́dìí. Ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára káàdì náà, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí alájọ bá ti gba tòní, á fi bíírò sàmì sí ojú kan, ó di ọ̀la. Nígbà tí oṣù bá parí, olówó á gba owó rẹ̀, alájọ á sì mú ti ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn tó ń rìn kiri gba owó yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: alájọ tí a ti mọ̀ tipẹ́, àti àwọn ọ̀dọ́ tí báńkì kéékèèké ń rán jáde lónìí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní máàkẹ́tà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ohun tí a fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti alájọ ná. Bí aláta bá ń dá ₦500 lójúmọ́ tí káàdì rẹ̀ sì kún, ₦15,500 ni. Alájọ á mú ₦500, aláta á gba ₦15,000. Alájọ tó ní irú káàdì bẹ́ẹ̀ 120 lọ́wọ́ á rí ₦60,000 lóṣù. Bí aláta bá dá ọjọ́ mẹ́wàá péré tó sì gbowó rẹ̀ nítorí pé ọmọ ń ṣàìsàn, alájọ ṣì ní ti ọjọ́ kan tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí oṣù tuntun dé kí aláta má gba káàdì mìíràn. Nítorí náà, láìsí ẹni tó kọ́ ọ, iye ẹni tó padà wá gba káàdì ni alájọ gidi ń kà nínú ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láàárín wa. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ nípa èsúsú. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, tún kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Èsúsú ni àwọn ènìyàn máa ń dá jọ tí wọ́n á sì máa kó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó àjọ ní tirẹ̀ ni a ń fi pa mọ́ sọ́wọ́ ẹnìkan tó ń wá gbà á níbi tí a wà.

Gbajúmọ̀ jù lọ nínú àwọn alájọ ni Alphaeus Táíwò Olúnáìkẹ́, tí wọ́n bí ní 1915, tó sì kú ní 2012, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èyí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun gan-an ló mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́. Mọ́tò kò lè wọ àárín àtẹ. Kẹ̀kẹ́ lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, iye ẹnu ọ̀nà tó bá sì dé lójúmọ́ ni òṣùwọ̀n iṣẹ́ alájọ.

Báńkì wọ inú iṣẹ́ yìí díẹ̀díẹ̀. Kọmúnítì báńkì bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Ní oṣù Kejìlá 2005, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé kí gbogbo wọn di báńkì maikirofáínáǹsì kí 2007 tó parí, kí olú-owó èyí tó kéré jù má sì dín ní ₦20 mílíọ̀nù. Àwọn báńkì ńlá náà wà nínú ìdààmú tiwọn lákòókò kan náà: ní oṣù Keje 2004, Charles Soludo, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, sọ pé báńkì tí kò bá ní ₦25 bílíọ̀nù títí òpin 2005 kò ní lè dá dúró. Báńkì 89 di 25. Eré àti kó owó jọ gba ìgboro kan, ọ̀rọ̀ tágẹ́ẹ̀tì sì bọ́ sẹ́nu gbogbo ilé tí ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ báńkì.

Tágẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ jù ni iye owó. Wọn á sọ fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí pé kí ó mú mílíọ̀nù báyìí wọlé kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ta ló wà ní Ìlá tó ní mílíọ̀nù tó kàn wà nílẹ̀? Nígbà tí oṣù bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹbí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fowó yín síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù tuntun.” Owó á wọlé, ìwé á dára lójú ọ̀gá, ní ọjọ́ kejì owó á jáde. Báńkì kò rí oníbàárà kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà ti jẹ gbèsè ojúrere lọ́wọ́ gbogbo ìdílé, bẹ́ẹ̀ ni oṣù mìíràn ti dé. Èyí máa ń dùn mí gidigidi, nítorí pé àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ní 1981, George Doran ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé àfojúsùn tó dára gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, kí ó ṣeé wọ̀n, kí ó ní ẹni tí a yàn án fún, kí ọwọ́ lè tó o, kí ó sì ní gbèdéke. Ẹ yẹ tágẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù yẹn wò pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣe pàtó, ó ṣeé wọ̀n, ó ní olúwarẹ̀, ó ní ọjọ́. Kìkì pé ọwọ́ kò tó o, nítorí pé àpò ẹlòmíràn ni a ń wọ̀n. Ẹsẹ̀ máàkẹ́tà wà lábẹ́ àkóso rẹ̀; owó aláta kò sí níbẹ̀.

Ibi tí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń múni lọ hàn ní báńkì Wells Fargo ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ wọn pé kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oríṣi ètò mẹ́jọ lọ́dọ̀ àwọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, àwọn aláṣẹ bu ìtanràn $185 mílíọ̀nù lé wọn, nítorí àkáùntì tó lè tó mílíọ̀nù méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ṣí láìsọ fún oníǹkan. Wọ́n ti lé nǹkan bí òṣìṣẹ́ 5,300 kúrò. Ní 2020, wọ́n tún gbà láti san $3 bílíọ̀nù.

Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ọ̀ṣun, níbi tí Ìlá wà, ohun mìíràn tún wà tí ọ̀gá tó jókòó sí Èkó kì í rántí: bí ọjọ́ ṣe ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ọjà tí a ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà wá ní ìṣirò òde òní. Oṣù ọlọ́jọ́ ọgbọ̀n lè ní ọjọ́ ọjà méje, ó sì lè ní mẹ́jọ. Máàkẹ́tà tí oṣù rẹ̀ ní mẹ́jọ ti ní àǹfààní ọjà kan lórí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ méje, láìjẹ́ pé ó fi iṣẹ́ ju ẹnì kejì lọ. Àkókò ọdún tún wà. Àgbẹ̀ kòkó ní Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà ń rówó láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun. Ní oṣù Karùn-ún, oko ló ń náwó sí. Ẹlẹ́mu ní tirẹ̀, a sì mọ Ìlá mọ́ ẹmu, ojoojúmọ́ ló ń tà, torí pé ẹmu kì í dúró de ọ̀la kí ó tó kan. Ẹlẹ́mu lè dá àjọ ojoojúmọ́. Àgbẹ̀ kòkó kò lè dá a. Ìyá olóúnjẹ tó wà nítòsí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sì mọ̀ pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ sílé, ìdajì ojú káàdì òun lè ṣófo.

Ìtàn àwọn Ìgbómìnà ní pé Ògbó, àdá tí baba Ọ̀ràngún, ọba Ìlá àkọ́kọ́, fún un, ló ń fọ̀nà hàn án; Ògbó mọ̀nà, ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Ọ̀pọ̀ tágẹ́ẹ̀tì ń sọ ibi tí ọmọ gbọ́dọ̀ dé, ṣùgbọ́n kò fún un ní àdá tó máa fọ̀nà hàn án.

Kí ni kí a wá máa kà? Èmi á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀. Ká ní ẹ̀ka báńkì kan ní máàkẹ́tà mẹ́rin, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dé ìsọ̀ 25 ní ọjọ́ ọjà kan; ọjà méje á fún wa ní ìbẹ̀wò 700. Iye yẹn wà lọ́wọ́ wọn, òjò nìkan ló lè dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, kí a ka àwọn tó fi owó sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kì í ṣe àwọn tó kàn buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni iye àwọn tó ṣì ń fowó sílẹ̀ ní oṣù kẹta, òun sì ni ìbátan káàdì tuntun alájọ. Tí máàkẹ́tà kan bá mú ogójì wá tí márùn-ún ṣẹ́kù, tí ẹnì kejì mú méjìlá tí mẹ́wàá ṣẹ́kù, ẹnì kejì ni kí a fún ní àjẹmọ́nú. Kí a sì fi oṣù Karùn-ún tọdún yìí wé oṣù Karùn-ún tèṣí, kí a má fi wé oṣù Kejìlá.

Ó tún kù kan tí àwọn báńkì kì í fẹ́ gbọ́: iye ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí oníbàárà béèrè owó rẹ̀ àti ìgbà tó gbà á. Ìbẹ̀rẹ̀ 2023 kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé òun ń pààrọ̀ owó bébà. Nígbà tí ọdún yípo, owó náà kò sí nílé, kò sí ní báńkì, àwọn oní-POS sì ń gba owó gọbọi kí wọ́n tó fúnni ní owó ẹni. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé kí a máa ná owó àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun títí di òpin ọdún náà. Tágẹ́ẹ̀tì owó tí wọ́n bù ní oṣù Kìíní ọdún yẹn di asán. Ṣùgbọ́n máàkẹ́tà tó ń yọjú sí ìsọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tó ń sọ òótọ́ fún àwọn ìyá pé owó kò tíì sí, iṣẹ́ ló ń ṣe, ó sì yẹ kí ìwé báńkì lè fi í hàn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 kan náà ni Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì maikirofáínáǹsì 132. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà fi máa ń bi ọmọ tó gbé fọ́ọ̀mù dé pé, “Ọmọ mi, tí báńkì yín bá kógbá wọlé ńkọ́?” Èsì wà fún un: láti oṣù Karùn-ún 2024, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ń san tó ₦2 mílíọ̀nù fún oníbàárà báńkì maikirofáínáǹsì tó bá wó, ₦200,000 ni tẹ́lẹ̀. Alájọ tó bá sá lọ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, àwa náà sì mọ àwọn tó sá lọ. Àǹfààní ńlá ni èyí fún máàkẹ́tà, bí ó bá ráyè jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá náà. Ẹni tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù lé kiri kì í ráyè.

Oṣù Kejì ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ irú kíkà yìí. Yàtọ̀ sí ọdún tí oṣù náà bá ní ọjọ́ 29, ọjọ́ ọjà méje géérégé ló máa ń wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ọjà ọrọọrún, kò sí ẹni tó ní ju ẹnì kejì lọ. Kí máníjà fa ìlà sórí ìwé kan, kí ó kọ ọjà méje sókè, orúkọ àwọn mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú 28 nìyẹn, kí wọ́n máa sàmì sí i bí wọ́n bá ti ń ti ọjà dé.