Nígbà Tí Fóòmù Ìjókòó Ọkọ̀ Bá Rì

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ wo ìjókòó awakọ̀ nínú ọkọ̀ yín. Etí tó kọjú sí ilẹ̀kùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, torí ìdí la fi ń wọ́ kọjá níbẹ̀ tí a bá ń wọlé, tí a bá ń jáde. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, apá ọ̀tún ni. Ní Nàìjíríà, apá òsì.

Kò dìgbà tí ẹ bá ra ìjókòó tuntun. Ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ gé ibi tó ti jẹ kúrò, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ fóòmù tuntun tó le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ mímú gé e kó bá ara mu. Fóòmù ìrọ̀rí kọ́ o! Ìyẹn rọ̀ jù.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, àpò afẹ́fẹ́ tó ń gbani lọ́wọ́ ìjàǹbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń fẹ̀yìn tì. Ẹni tó mọṣẹ́ ni kó tú ibẹ̀.

Ìjókòó ọmọdé wá ńkọ́? Ẹ má fi fóòmù kankan kún un. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, fóòmù náà á fún pọ̀, bẹ́líìtì á sì dẹ̀ lára ọmọ. Tí tìmùtìmù rẹ̀ bá ti jẹ, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ ti gba òmíràn.