Ìràwọ̀ Inú Òkun: Ká Má Fi Oníka Mẹ́fà Pe Oníka Márùn-ún

Bí a bá ní ìràwọ̀ wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, àwọn ọmọ wa lè rò pé àlọ́ la ń pa. Òótọ́ ni o. Discoaster ni wọ́n ń pè é. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín ni, tó ń léfòó lójú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láyé àtijọ́. Bó bá kú, èèpo rẹ̀ tó dà bíi ṣọ́ọ̀kì á rì, á sì di ara òkúta. Ó kéré débi pé bí 50 sí 100 wọn ló lè tò sórí mìlímítà kan. Máíkírósíkóòpù la fi ń rí i. Tan Sin Hok, onímọ̀ nípa òkúta, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1927.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì nínú wọn. Discoaster pentaradiatus ní ìka márùn-ún. Ó pòórá ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn. Discoaster brouweri ní mẹ́fà. Òun wà títí di bíi mílíọ̀nù 1.9 ọdún sẹ́yìn. Irú wọn ni àwọn awapo, títí kan àwọn ti Niger Delta, fi ń mọ ọjọ́ orí ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìka máa ń kán. Bí ọ̀kan bá kán lára brouweri, márùn-ún ló kù. Ẹni tó bá ka ìka nìkan lè fi ìdajì mílíọ̀nù ọdún kún ọjọ́ orí ilẹ̀ náà.

Kí la ó wá wò?

Àkọ́kọ́, àlàfo. Ti oníka márùn-ún gan-an jẹ́ dígíríì 72 yíká. Ti oníka mẹ́fà jẹ́ 60; bí ọ̀kan bá kán, ibẹ̀ á là sílẹ̀ tó 120.

Ìkejì, orí ìka. Ti pentaradiatus pín sí méjì bí igi kànnàkànnà. Ti brouweri kò pín, àwọn ìka rẹ̀ sì tẹ̀ wálẹ̀ bí agboòrùn.

Ìkẹta, ẹ wá kùkùté ibi tí ìka ti kán.

Ẹ fi han àwọn ọmọ nílé: ẹ ya ìràwọ̀ oníka mẹ́fà sórí ìwé, kí ẹ pa ìka kan rẹ́. Wọn yóò ka márùn-ún, ṣùgbọ́n àlàfo náà yóò tú àṣírí.