Ìrora Àyà Òjijì: Kì Í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Ọgbẹ́ Inú

Lọ́jọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1998, ara Olóyè M.K.O. Abíọ́lá yí padà lójijì níbi tí òun àti àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ti jọ ń sọ̀rọ̀ ní Àbújá. Ọjọ́ náà ló kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní tíì tó mu ni wọ́n fi pa á, àwọn mìíràn ò sì yí ohùn padà títí dòní. Àwọn dókítà tó wá láti òkè òkun yẹ òkú náà wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn tó ti wà lára rẹ̀ tipẹ́ ni. A ò fẹ́ dá ẹjọ́ yẹn níbí. Ṣùgbọ́n bí àìsàn ọkàn ṣe ń ṣe nìyẹn: ó máa ń jọ pé wọ́n fún èèyàn ní nǹkan jẹ.

Ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara náà nílò ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, àwọn iṣan kan ló sì ń gbé e fún un. Ọ̀rá lè máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdunni rárá. Lọ́jọ́ kan, ojú ọ̀rá náà á là, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e, ọ̀nà á há tàbí kó dí pátápátá. Acute coronary syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó bá sì ti kú kì í hù padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Àyà á wúwo bí ẹni gbé ọlọ lé e. Ìrora lè gba apá òsì, ọrùn, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, òógùn tútù á bò ó, èémí á má tó. Ti àwọn ìyá wa, àwọn àgbàlagbà àti alátọ̀gbẹ lè yàtọ̀: ó lè jẹ́ àárẹ̀, èébì àti àìlèmí dáadáa nìkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ọgbẹ́ inú.

Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, kí òun náà má wa ọkọ̀. Bí ásípírìn kì í bá a jà, tí inú rẹ̀ ò sì ṣẹ̀jẹ̀, kó rún ẹyọ kan ti mílígíráàmù 300 lẹ́nu, tàbí mẹ́rin ti 75. Láti Ẹ̀rìn-Ilé, Ọ̀fà ò jìnnà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ sí ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé, ẹ má dúró di ọ̀la. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wúlò jù ní wákàtí bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Bó bá kọjá wákàtí 12, àǹfààní rẹ̀ ti dín kù púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ńkọ́? Ọlọ́run ti yọ̀ǹda nínú Súrátùl Bákárà pé kí aláìsàn san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí Ràmàdáànì. Ti ẹni tó ti pẹ́ díẹ̀, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù tó wọlé. A lè sún oògùn mìíràn sí àsìkò sààrì àti ìṣínu.